Kí ló dé tí iṣan àlọ inú ìṣirò mi kì í fi í dúró sójú kan?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣirò béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ ìwádìí tí mò ń ṣe fún oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò dá lórí bí ògiri iṣan àlọ, ìyẹn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn lọ sí ara, ṣe máa ń dàgbà tàbí kí ó sún kì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá bá ṣe pọ̀ tó. Mo ti dé ibì kan tí ìṣirò mi kọ̀ láti bá ohun tí àwọn oníwàádìí rí lára ẹranko mu, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó.

Ohun tí mo ṣe kò díjú rárá. Mo mú ìpín iṣan kan tó gùn ní sẹ́ǹtímítà 10, mo fi ìdajì ìbú inú rẹ̀, tí mo pè ní r, sí mìlímítà 3, èyí tó sún mọ́ ti iṣan ńlá ọrùn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí. Mo ka ẹ̀jẹ̀ sí ohun olómi tí kíki rẹ̀, μ, jẹ́ 0.0035 Pa·s, mo sì lo òfin Poiseuille, tó sọ pé ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá, Q, jẹ́ πΔPr⁴/8μL, níbi tí ΔP ti jẹ́ ìyàtọ̀ ìfúnpá àárín ìpẹ̀kun iṣan méjèèjì, tí L sì jẹ́ gígùn iṣan. Láti inú òfin yìí ni mo ti rí ipá ìfaragbo, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn fi ń wọ́ awọ inú iṣan síwájú lórí ìwọ̀n àyè kan, tó jẹ́ τ = 4μQ/πr³. Òfin ìdàgbà tí mo yàn ni dr/dt = kr(τ/τ* − 1). τ* ni ìwọ̀n ipá ìfaragbo tí iṣan ń lépa, mo fi í sí Pascal 1. Iye k, tó ń sọ bí iṣan ṣe ń yára yí padà tó, sì jẹ́ 0.02 fún ọjọ́ kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wọ́ ògiri ju bó ṣe yẹ lọ, iṣan á fẹ̀, bí kò bá sì wọ́ ọ tó, iṣan á sún kì.

Mo fi ìfúnpá sí ìpẹ̀kun méjèèjì láìjẹ́ kí ó yí padà, tó fi jẹ́ pé ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ Pascal 66.7, ìyẹn nǹkan bí ìdajì mìlímítà mẹ́kúrì, èyí tó ń fún mi ní Pascal 1 gẹ́lẹ́ lára ògiri. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti mìlímítà 3 géérégé, iṣan náà á dúró. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti 3.01, kó tó di ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ nínú ìṣirò, ó ti fẹ̀ dé ibi tí nọ́ńbà kò ti lè gbé e mọ́. Bí mo bá sì bẹ̀rẹ̀ láti 2.99, nígbà tó máa fi di ọjọ́ 285 ó ti sún dé mìlímítà 1.5, ó sì ń lọ sí pípadé pátápátá. Mo ti dín ìgbésẹ̀ àkókò kù láti ọjọ́ kan sí wákàtí kan, mo ti fi ọ̀nà ìṣirò Runge-Kutta, tó péye jù, rọ́pò ti Euler, ibì kan náà ló ń gbé mi lọ.

Bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1980, Kamiya àti Togawa so iṣan àlọ ọrùn ajá mọ́ iṣan àbọ̀, ìyẹn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ lè pọ̀ sí i, wọ́n sì rí i lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan pé iṣan náà fẹ̀ títí ipá ìfaragbo fi padà sún mọ́ iye tó wà tẹ́lẹ̀, tó sì dúró síbẹ̀. Báwo ni òfin kan náà ṣe wá ń fún mi ní òdìkejì?

Bàbá Olùkọ́ dáhùn pé:

Ọmọ mi, o kú làálàá. Kóòdù rẹ kò ní àìsàn kankan. Ohun tí o dì mú tí o kò jẹ́ kí ó yí padà ni kí o wò.

Fi ΔP rọ́pò Q nínú ìdọ́gba ipá ìfaragbo, wàá rí i pé τ di rΔP/2L. Wo ibi tí r bọ́ sí. Ní ìṣáájú ó wà nísàlẹ̀, ní báyìí ó ti gòkè. Nígbà tí ìfúnpá ìpẹ̀kun méjèèjì bá dúró gbọn-in, bí iṣan bá ṣe ń fẹ̀ ni ipá ìfaragbo ń pọ̀ sí i, òfin ìdàgbà á sì tún pàṣẹ pé kí ó fẹ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ Q ni ó dúró, r³ ló wà nísàlẹ̀, fífẹ̀ iṣan á dín τ kù, gbogbo rẹ̀ á sì padà sí àyè rẹ̀. Bí o bá yẹ iṣan kúrò lójú ìdúró rẹ̀ díẹ̀, ìyàtọ̀ náà á máa kú lọ ní ìwọ̀n 3k bí Q bá dúró, á sì máa dàgbà ní ìwọ̀n k bí ó bá jẹ́ ΔP ló dúró. Ajá Kamiya àti Togawa sún mọ́ ipò àkọ́kọ́, ìwọ wà ní ipò kejì.

Má wulẹ̀ wá sáré fi Q rọ́pò ΔP kí o sì sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán o. Nínú ara ènìyàn, kò sí èyí tó dúró pátápátá nínú méjèèjì. Iṣan tí ò ń wò jẹ́ ìpín kan ṣoṣo lójú ọ̀nà gígùn tó bẹ̀rẹ̀ láti ọkàn, tó gba inú àwọn iṣan tín-ínrín kọjá, tó sì padà sí ọkàn. Pe ìdènà gbogbo ìyókù ọ̀nà náà ní Z, kí o sì kọ ìdènà iṣan tìrẹ ní c/r⁴. Bí gbogbo ìfúnpá tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ bá jẹ́ P, Q á jẹ́ P/(Z + c/r⁴), ipá ìfaragbo á sì máa bá 1/(Zr³ + c/r) rìn. Wá ibi tí ìsàlẹ̀ ìdá yìí ti kéré jù lọ, wàá bá a níbi tí 3Zr² ti bá c/r² dọ́gba, ìyẹn ni pé ìdènà iṣan náà jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta Z. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ rèé: bí iṣan kan bá ń jẹ ìfúnpá tí kò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ìfúnpá ojú ọ̀nà rẹ̀, òfin rẹ á mú un dúró, bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní dúró.

Wá fi iye tìrẹ sí i. Iṣan ọrùn rẹ ń jẹ ìdajì mìlímítà mẹ́kúrì nínú nǹkan bí ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ìdá kan nínú igba. Ó jìnnà réré sí ẹnu ààlà. Nígbà tí o gé e kúrò lára ọ̀nà rẹ̀ tí o sì fi ìfúnpá sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, o ti sọ ọ́ di iṣan tó ń jẹ gbogbo ìfúnpá tán, èyí tí kò sí irú rẹ̀ ní ọrùn ẹnikẹ́ni.

Kíyè sí i pẹ̀lú pé bí o bá ya ìlà tó ń fi hàn bí τ ṣe ń bá r yí padà, iye τ kan náà lè bọ́ sí r méjì lórí ìlà yẹn, ìyẹn ojú ìdúró méjì. Èyí tó kéré kò dúró, èyí tó tóbi ló dúró. Iṣan tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ èyí tó kéré á sún kì títí yóò fi padé.

Níbi àwọn iṣan tín-ínrín, níbi tí ọ̀pọ̀ jù lọ ìfúnpá ti ń tán, ọ̀rọ̀ náà le. Fi iṣan méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ níbì kan, kí wọ́n sì jọ parí síbì kan. ΔP kan náà ló wà lórí àwọn méjèèjì, nítorí náà èyí tó bá fi ohun tó kéré jọjọ fẹ̀ ju èkejì lọ ni ipá ìfaragbo rẹ̀ á pọ̀ jù, á máa fẹ̀ sí i, á sì gba ẹ̀jẹ̀ èkejì títí èkejì yóò fi gbẹ. Kódà bí o bá dì Q àpapọ̀ wọn mú, kò gbà wọ́n. Hacking, VanBavel àti Spaan fi èyí hàn ní ọdún 1996, wọ́n sì sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ipá ìfaragbo nìkan kò tó láti darí ìdàgbà àwọn iṣan tó so kọ́ra. Ìdí nìyẹn tí Pries àti Secomb fi kó àwọn àmì mìíràn wọ inú àwòṣe tiwọn ní ọdún 1998: ìfúnpá inú iṣan, àìní ẹran ara tí iṣan ń bọ́, àti ìròyìn tó ń gba ara ògiri iṣan lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Àwọn kan máa ń sọ pé Murray ti parí gbogbo èyí láti ọdún 1926. N kò gbà. Murray béèrè ìbú tí yóò jẹ́ kí agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ àti agbára tí ara fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà kéré jù lọ lápapọ̀, ó sì rí i pé Q gbọ́dọ̀ máa bá r³ rìn, tó túmọ̀ sí pé ipá ìfaragbo á dọ́gba níbi gbogbo. Ó sọ ibi tó dára kí iṣan wà. Bí iṣan ṣe máa rìn débẹ̀, àti bóyá yóò tilẹ̀ débẹ̀, kò sí nínú ìṣirò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Kíndìnrín dáhùn pé:

Ẹ kú ìjíròrò o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò, ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá Olùkọ́ kọ nípa ojú ìdúró méjì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí mò ń fi ọwọ́ mi tọ́ wò lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ wa á fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé rẹ̀.

Fístúlà ni mò ń sọ. Oníṣẹ́ abẹ á so iṣan àlọ ọrùn ọwọ́ mọ́ iṣan àbọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀, kí iṣan àbọ̀ náà lè fẹ̀ kí ògiri rẹ̀ sì nípọn dé ibi tí a ti lè máa fi abẹ́rẹ́ ńlá méjì gún un lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Brescia, Cimino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní New York ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1966, òun ni a ṣì kà sí ọ̀nà tó dára jù lọ títí di òní. Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba iṣan àlọ yẹn kọjá kò ju mìlílítà 20 sí 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bá so ó pọ̀, ó lè di 200 sí 300. Kí a tó gún un, òfin mẹ́fà-mẹ́fà ni à ń tẹ̀ lé: ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá ju mìlílítà 600 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí ìbú iṣan tó mìlímítà 6, kí ó má sì jìn ju mìlímítà 6 lọ lábẹ́ awọ.

Mo fi àwọn iye yìí sínú ìdọ́gba tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ. Mìlílítà 300 nínú iṣan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3 fún mi ní nǹkan bíi Pascal 6.6. Mìlílítà 600 nínú iṣan tí ìbú rẹ̀ ti di mìlímítà 6 fún mi ní 1.65. Ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ ní ìlọ́po méjì, ipá ìfaragbo sì ti sọ̀kalẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ó ti wọ àárín Pascal 1 sí 2 tí wọ́n sọ pé ó wọ́pọ̀ nínú iṣan àlọ ènìyàn. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí ibi ìrírí lẹ́nu iṣẹ́ ni òfin mẹ́fà-mẹ́fà ti wá, kò sí ẹni tó fi ìdọ́gba ṣírò rẹ̀.

Bí mo bá gbé ìka mẹ́ta lé fístúlà tó ń ṣe dáadáa, mo máa ń gbọ́ ọ lábẹ́ ìka mi tó ń gbọ̀n rìrì láìdáwọ́ dúró, kì í ṣe bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Bí gbígbọ̀n yẹn bá ti yí padà di lílù kì-kì-kì tó le, mo mọ̀ pé iṣan ti fún níbì kan níwájú, mo sì ti ń kọ ìwé fún àwòrán ultrasound nìyẹn. Àwọn oníṣẹ́ abẹ náà máa ń wọn iṣan kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án, wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ kí ìbú iṣan àlọ tó mìlímítà 2 ó kéré tán, kí ti iṣan àbọ̀ tó 2 sí 2.5. Èyí tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í sábà gbó. Ṣé kì í ṣe ojú ìdúró kékeré tí Bàbá ń sọ nìyẹn?

Ìkìlọ̀ kan rèé ṣá. Kì í ṣe gbogbo fístúlà tó bàjẹ́ ló bàjẹ́ nítorí ó kéré níbẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, nítòsí ibi tí wọ́n ti so iṣan pọ̀, awọ tuntun á hù sínú iṣan àbọ̀, á nípọn sí ìhà inú, á sì dí ọ̀nà. Ìdọ́gba tó mọ r nìkan kò lè rí irú èyí. Àwọn mìíràn sì wà tí kì í dáwọ́ fífẹ̀ dúró: bí ẹ̀jẹ̀ inú fístúlà bá ti ń lọ sí lítà 1.5 tàbí 2 ní ìṣẹ́jú kan, àwọn dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkàn aláìsàn, nítorí ọkàn ló ń san gbèsè rẹ̀.

Ògiri dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ nínípọn sí ìhà inú yẹn gan-an ni mo fẹ́ mú sọ. Akẹ́kọ̀ọ́, àkọlé iṣẹ́ yín ni ìdàgbà ògiri, ṣùgbọ́n ihò àárín iṣan nìkan ni ìdọ́gba yín mọ̀. Ògiri náà ní ìnípọn, h, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì ń nà án yíká. Ipá ìnà náà, gẹ́gẹ́ bí òfin Laplace, jẹ́ σ = Pr/h. Nínú iṣan tiyín, bí a bá fi P sí mìlímítà mẹ́kúrì 100, tó jẹ́ kilopascal 13.3, kí h jẹ́ mìlímítà 0.6, σ á jẹ́ nǹkan bíi kilopascal 67. Ẹ wò ó pé èyí ju ipá ìfaragbo lọ ní ọ̀nà bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínláàádọ́rin, síbẹ̀ èyí tó kéré yẹn ni ó ń darí ìbú iṣan.

Kí Q di ìlọ́po méjì. Iṣan á fẹ̀ láti mìlímítà 3 sí 3.78. Bí ògiri kò bá fi ohunkóhun kún ara rẹ̀, fífẹ̀ yẹn á mú kí ó fẹ́lẹ́, σ á sì lọ sí kilopascal 106. Kí σ tó lè padà sí 67, h gbọ́dọ̀ di 0.756, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹran ara ògiri náà gbọ́dọ̀ fi ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá kún iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ìdọ́gba kejì fún h pẹ̀lú σ àti σ*, ìyẹn ìwọ̀n ipá ìnà tí ògiri ń lépa, kí ẹ sì yanjú àwọn méjèèjì pọ̀. Taber ti rìn ní ojú ọ̀nà yìí fún iṣan àlọ àgbà ní ọdún 1998, ó sì yẹ kí ẹ kà á. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń ṣe, ìdọ́gba kejì yìí ni yóò kọ́kọ́ gbéra lára rẹ̀: P lọ sókè, h tẹ̀ lé e.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ibì kan wà tí ọkàn mi kò ti balẹ̀, ìyẹn τ* tí gbogbo wa ń lò bí ẹni pé orí òkúta ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ní ọdún 1986, Langille àti O'Donnell dín ẹ̀jẹ̀ tó ń gba iṣan ọrùn ehoro kọjá kù ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìbú iṣan náà ti dín ní ìdá 21. Bí ipá ìfaragbo bá ti padà sí iye rẹ̀ àtijọ́ ni, ó yẹ kí ìbú dín ní ìdá 33, nítorí pé r³ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé Q. Lójú tèmi, iṣan lè gba ìwọ̀n tuntun kí ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Ohun kan tí iṣẹ́ wọn fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀: nígbà tí wọ́n ha awọ tẹ́ẹ́rẹ́ inú iṣan kúrò, iṣan kò sún kì mọ́. Awọ yìí kan náà ni Furchgott àti Zawadzki ti fi hàn ní ọdún 1980 pé láìsí i, iṣan kò mọ bí a ti ń dẹra nígbà tí wọ́n bá fi èròjà tí à ń pè ní acetylcholine kàn án. Iṣẹ́ yẹn ló ṣí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ nitric oxide, gáàsì tí awọ náà ń tú jáde láti mú iṣan dẹra, àti ẹ̀bùn Nobel ọdún 1998.

Ẹ ó gbọ́ nípa àwọn àwòṣe tó tóbi ju èyí lọ. Rodriguez, Hoger àti McCulloch ní ọdún 1994 pín ìyípadà ara sí méjì, apá kan fún ìdàgbà, apá kan fún nínà. Ọ̀nà yẹn lè ṣàlàyé ìdí tí òrùka iṣan tí a gé yọ fi máa ń là sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá fi ọ̀bẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, bí Fung ti ṣàkíyèsí. Humphrey àti Rajagopal ní ọdún 2002 sì ka ògiri sí àdàlù ohun oríṣiríṣi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú tirẹ̀. Kọlájìn, okùn tó ń mú ògiri le, máa ń lọ, òmíràn á sì rọ́pò rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹlásítìn, okùn tó ń jẹ́ kí ògiri lè nà kó sì padà, tí a ti kó jọ láti kékeré ni a ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ó bá já, kò sí èyí tó tó o láti rọ́pò rẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí ju ti ọdún 1994 lọ, ṣùgbọ́n fún oyè kejì, ẹ má gbé e. Iye tí ẹ máa nílò fún un pọ̀ ju èyí tí ẹ lè rí wọ̀n lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣirò dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti fi Z sínú ìṣirò. Nígbà tí iṣan ń jẹ ìdá kan nínú igba ìfúnpá, ì báà jẹ́ mìlímítà 2 ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tàbí 4, ó ń padà sí 3. Nígbà tí mo mú kí ó máa jẹ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ó tún sá lọ.

Mo gbé iye ehoro tí Ògiri mú wá yẹ̀ wò pẹ̀lú. Bí Q bá ti sọ̀kalẹ̀ tó sì dúró síbẹ̀, òfin mi di ìdọ́gba tó rọrùn fún r³, tí a lè fi ọwọ́ yanjú láìsí kọ̀ǹpútà: r³ ń lọ sí ibi tuntun rẹ̀ ní ìwọ̀n 3k. Pẹ̀lú k = 0.02, ìbú á ti dín ní nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo bá sọ k di 0.031, mo ń rí ìdá 21 gẹ́lẹ́, láìfọwọ́ kan τ* rárá, ìdá 33 náà á sì pé ní nǹkan bí oṣù méjì. Ṣé a lè sọ pé τ* yí padà nígbà náà, àbí ọ̀sẹ̀ méjì ni kò tó? Ìbéèrè mi kejì ni pé ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn geere, ọkàn ń lù ú ni. Ṣé mo lè máa lo Q kan ṣoṣo bí mo ṣe ń ṣe yìí?

Ògiri dáhùn pé:

Ẹ ti gba ẹ̀rí lọ́wọ́ mi, mo gbà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a wọn ìbú kò lè ya k lára τ*. Ẹ wá ìwádìí tó wọn ìbú iṣan kan náà ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá oṣù méjì: bí r³ bá dúró lókè ibi tí Q ní kí ó dé, τ* ló yí padà, bí ó bá débẹ̀, k ni.

Bàbá Olùkọ́ dáhùn pé:

Ní ti lílù ọkàn, má fòyà ní ojú iṣan tó tọ́. Fún iṣan tí r rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3, nọ́ńbà Womersley tó ń wọn bí lílù ṣe ń da ìṣàn láàmú jẹ́ nǹkan bíi 4.5, èyí tó tó láti yí bí eré ẹ̀jẹ̀ ṣe rí ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan padà pátápátá. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pá tó tọ́, tí ògiri rẹ̀ kò mì púpọ̀, ìdọ́gba ìṣàn kò ní apá tó ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, nítorí náà ìwọ̀n àárín ipá ìfaragbo ṣì jẹ́ èyí tí Poiseuille yóò fún ọ láti inú ìwọ̀n àárín Q. Ọkàn ń lù lẹ́ẹ̀kan ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ògiri ń dàgbà láàárín ọ̀sẹ̀. Mú ìwọ̀n àárín lórí lílù kan, kí o sì fi í sún ìdàgbà síwájú ní ọjọ́ kan.

Níbi ìkóríta àti níbi ìtẹ̀sí ni èyí kò ti ní gbà ọ́. Ku, Giddens, Zarins àti Glagov fi hàn ní ọdún 1985 pé ní ibi tí iṣan ọrùn ti ya sí méjì, ní ìhà ìta ibi tó wú díẹ̀ yẹn, ipá ìfaragbo kéré, ó sì ń lọ síwájú ó ń padà sẹ́yìn nínú lílù kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni ògiri ti ń nípọn sí ìhà inú, irú èyí tí Nọ́ọ̀sì ń rí nínú fístúlà. Ìwọ̀n àárín níbẹ̀ lè jẹ́ òdo nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò sinmi rárá. Bí o bá fẹ́ débẹ̀, o nílò ìwọ̀n kejì tó ń sọ bí ipá náà ṣe ń yí ojú padà sí, àti ìṣirò ìṣàn tó ń wo gígùn, ìbú àti jíjìn pọ̀ ní gidi. Fi í sílẹ̀ fún oyè kẹta. Ní báyìí, fi h kún un, kí o yẹ ìdúró àwọn méjèèjì wò pọ̀, kí o sì fi àwòrán r méjì yẹn ránṣẹ́ síbí nígbà tí o bá ti yà á.